Olú tó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ tí Tọ́lá rí nínú igbó Scotland

Màmá Tọ́lá, ẹ káàsán ma, ṣé ara yín le, ṣé omi ò kún wọ àdúgbò yín ní Ṣómólú lójò àná? Mo rí ìbéèrè yín, mo sì rí fótò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì, mo fẹ́ fara balẹ̀ wò ó ni, torí ọ̀rọ̀ ohun tí èèyàn máa fi sẹ́nu ò ṣe é fi ìkánjú dáhùn.

Kí ẹlòmíì tó bá ń kà á lè bá wa lọ, ohun tí màmá bèèrè rèé. Tọ́lá ọmọ wọn tó ń kàwé ní Scotland bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ rìn wọ igbó kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rí olú kan tí fìlà ẹ̀ ní àwọ̀ eérú tó mọ́ àlùkò, ó ní kóun fà á báyìí, ọwọ́ ẹ̀ yọ̀ tìì lára ẹsẹ̀ olú náà bí ẹni tó ki ọwọ́ bọnú ìkòkò ilá, ó fi ewé nù ún, kò lọ. Ó wá fi ránṣẹ́ sí màmá lórí WhatsApp pé ṣé irú èyí tí ìyá àgbà máa ń ṣà ní Ìjẹ̀bú nìyí, ṣé òun lè fi se ẹ̀fọ́. Màmá ní lójú tàwọn o, olú tó bá ti ń yọ̀, ó ti rà ni, tí kò bá sì rà, a jẹ́ pé olóró ni, kí n bá wọn là á.

Ìdáhùn mi ni pé kó má tíì sè é. Mi ò sọ pé olóró ni o, mo tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a mọ̀ tán, èyí táwọn onímọ̀ ń pè ní Gomphidius glutinosus ni mo rò pé ó jẹ́, àwọn èèyàn sì ń jẹ ẹ́ ní Yúróòpù. Àmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ò tó nínú ọ̀rọ̀ olú. Ohun méjì ló ṣẹ́kù tí mo fẹ́ rí, tí fótò yẹn ò sì gbé jáde dáadáa, màá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti yíyọ̀ yẹn, torí òun ló kó ẹ̀rù bá yín. Olú tó bá ti rà máa ń yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tiẹ̀ yàtọ̀: ara ẹ̀ á ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, á máa rùn, ìdin á ti wọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ omi dúdú á jáde. Ti Tọ́lá kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú fótò kejì, ibi tó ti gbé e sọ́wọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó le, ó dúró ṣinṣin, ikun tó wà lára ẹ̀ mọ́ gaara bí omi ìgbín, ó ń dán lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó sì nípọn débi pé ìka ọwọ́ ẹ̀ fa ilà sára ẹ̀. Ikun àbíníbí nìyẹn. Nígbà tí olú yìí ṣì kéré, tí kò tíì là, ikun ló bò ó látòkèdélẹ̀, fìlà àti ẹsẹ̀ pọ̀, bí ẹyin sísè tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ẹ̀ ò tíì kúrò. Bó ṣe ń dàgbà tí fìlà ń ṣí, ikun tó so etí fìlà mọ́ ẹsẹ̀ á já, apá kan á dúró sórí fìlà, apá kan á sọ̀ wálẹ̀ á rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Òun ni Tọ́lá fọwọ́ kàn. Okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tó hun ara olú pọ̀ ló ń yọ́ di ikun lójú awọ ẹ̀, kò sí àrùn níbẹ̀.

Kò wá sí nínú ọ̀rọ̀ ikun yìí ohun tó lè sọ fún wa bóyá olú kan ṣe é jẹ tàbí kò ṣe é jẹ o. Mo mọ̀ pé nílé wa a ní oríṣiríṣi àmì tá a gbà gbọ́. Àwọn kan ní bí ìgbín bá ti jẹ lára ẹ̀, èèyàn náà lè jẹ ẹ́. Màmá, ìgbín máa ń jẹ olú tó ń pa èèyàn, nǹkan kan ò sì ní ṣe é. Àwọn kan ní kí wọ́n fi àlùbọ́sà sè é, tí àlùbọ́sà ò bá ti dúdú, kò sí wàhálà. Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n ti ṣíbí fàdákà bọ̀ ọ́. Kò sí ìkankan tó jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo ẹ̀, àwọn tó gbà á gbọ́ sì ti kú sí i. Ohun tá a máa ń ṣe ni pé ká dá olú mọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀, ká mọ irú èyí tó jẹ́ gan-an, lẹ́yìn náà la máa tó mọ̀ bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ wúlò torí pé ó ti gé ibi tá a máa wá a kù, olú tí ẹsẹ̀ wọn gbẹ ló pọ̀ jù nínú igbó wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yọ̀ náà ju márùn-ún mẹ́fà lọ, àfi ká gbé gbogbo ara ẹ̀ yẹ̀ wò.

Nígbà tí mo wà ní Scotland fún master's, olùkọ́ tó ń kó wa wọ igbó kì í jẹ́ ká tẹ̀ ba kan olú láì kọ́kọ́ gbójú sókè. Á ní, igi wo lẹ dúró sábẹ́ ẹ̀? Ó máa ń sú wa nígbà yẹn, àmọ́ òun ni ẹ̀kọ́ tó wúlò jù tí mo kó wálé. Olú bíi ti Tọ́lá yìí kì í hù lásán, abẹ́ igi tí ewé ẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ ló ń gbé, àgàgà igi spruce, ó wà lára igi tí wọ́n fi ń ṣe igi Kérésì lọ́hùn-ún, oníke tí wọ́n ń tà ní Balógun tó bá ti di December, àwòrán ẹ̀ ni wọ́n gbé. Tọ́lá ní abẹ́ igi páìnì ni, ṣùgbọ́n òyìnbó pọ̀ tó ń pe gbogbo ẹ̀ ní páìnì, bí àwa náà ṣe ń pe igi tó máa ń súfèé létí òkun ní Èkó ní páìnì tí kì í sì í ṣe páìnì rárá, casuarina ni. Nínú fótò àkọ́kọ́, ewé abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀ lọ́tùn-ún, mo fà á tóbi, ó kúrú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì dá wà. Páìnì ti Scotland, méjì méjì ni abẹ́rẹ́ ẹ̀ máa ń so pọ̀ nídìí. Nítorí náà spruce lọkàn mi lọ sí, ìyẹn sì bá olú tá à ń sọ mu wẹ́kú.

Ó yá, ara olú fúnra ẹ̀. Fìlà Gomphidius glutinosus máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 12, ó kọ́kọ́ máa ń rí rìbìtì, tó bá dàgbà á tẹ́, àárín ẹ̀ á sì jìn wọlé díẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀ jẹ́ eérú tàbí búráùn tó ní àlùkò nínú, tó bá ti ń gbó á ní àbàwọ́n dúdú káàkiri. Ti Tọ́lá bá gbogbo èyí mu. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 10, ó sì tóbi tó àtàǹpàkò àgbàlagbà.

Abẹ́ fìlà ló dùn mọ́ mi nínú jù, ìyẹn fótò kẹta, ẹ bá mi kí Tọ́lá pé ó ṣeun tó dojú ẹ̀ délẹ̀ kó tó yà á, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ya òkè nìkan. Àwọn nǹkan pẹlẹbẹ tó tò síbẹ̀ bí ojú ewé ìwé, ewé abẹ́ fìlà ni màá máa pè wọ́n, ẹ wo bí àlàfo àárín wọn ṣe fẹ̀, wọn ò há mọ́ra. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n parí sí: wọn ò dúró lókè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ wá, bí irin agboorùn tí atẹ́gùn Marina fẹ́ yí sẹ́yìn. Àwọ̀ wọn ti di eérú. Nígbà tó wà lọ́mọdé funfun ni wọ́n, tó bá sì gbó tán wọ́n á dúdú, nítorí pé spore ẹ̀, ìyẹ̀fun tí olú fi ń bí ọmọ, dúdú ló máa ń jẹ́. Màmá, ẹ wá fojú sí ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé fìlà, ṣé ẹ rí nǹkan dúdú tó ká a lọ́rùn bí òrùka? Ikun tó já ní kékeré yẹn náà ni o. Ìyẹ̀fun dúdú ń bọ́ látòkè, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn, ló fi di òrùka dúdú bí ìdí ìkòkò tó gbé iná igi. Nígbà tí mo rí i ni inú mi dùn, torí olú tó ní òrùka ikun tó ti dúdú báyìí, tí ewé abẹ́ ẹ̀ sì sọ̀ sára ẹsẹ̀, kò pọ̀.

Àkọ́kọ́ nínú ohun méjì tó kù ni ìdí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ olú yìí funfun lókè, ṣùgbọ́n tó bá kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀ ó máa ń di yẹ́lò, yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ yòò bí ara danfó, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ là á nídìí inú ẹ̀ náà á jẹ́ yẹ́lò. Àmì yẹn lágbára gan-an. Tọ́lá wá fà á já, ìdí ẹ̀ ṣẹ́kù sínú ilẹ̀! Nínú fótò kẹrin níbi tó ti kó o sínú nylon, mo rí nǹkan yẹ́lò kan ní ẹ̀gbẹ́, ó lè jẹ́ òun, ó lè jẹ́ ewé tó ti rọ, fótò yẹn ò mọ́lẹ̀ tó. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ o, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹ bá mi sọ fún un pé wọn kì í fa olú tí wọn ò tíì mọ̀, ọ̀bẹ tàbí igi ni kó fi wa ilẹ̀ yí i ká kó gbé e jáde tìdítìdí. Ìdí yẹn ló máa ń tú àṣírí olú tó burú jù láyé, Amanita phalloides, èyí tó ní àpò funfun bí ìbọ̀sẹ̀ tí ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀ wọ̀ sínú, ẹni tó bá já a sókè ò ní rí àpò, á rò pé nǹkan tó ṣe é jẹ lòun ká. Ti Tọ́lá ò jọ Amanita, ewé abẹ́ ìyẹn funfun kì í sọ̀ sára ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í sì í yọ̀.

Èyí tó lè jọ ọ́ ni kí n sọ díẹ̀ nípa ẹ̀. Hygrophorus olivaceoalbus wà ní Scotland, abẹ́ spruce kan náà ló ń hù, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yọ̀ burúkú, ewé abẹ́ ẹ̀ sì máa ń sọ̀ díẹ̀, ó lè dà wọ́n rú. Àmọ́ ẹsẹ̀ ìyẹn ní ilà dúdú wọ́nganwọ̀ngan bí awọ ejò, ewé abẹ́ ẹ̀ funfun títí ọjọ́ ikú ẹ̀, ìdí ẹ̀ ò sì ní yẹ́lò. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan wà, Gomphidius roseus, pupa bí òdòdó ni fìlà ẹ̀, abẹ́ páìnì ló fẹ́ràn. Èyí tó ń kó mi lọ́kàn sókè ni ìdílé Cortinarius. Wọ́n pọ̀ lọ jàra, àwọn kan nínú wọn ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ bí ti Tọ́lá gẹ́lẹ́, fìlà wọn náà lè ní àlùkò. Láti etí fìlà wọn sí ẹsẹ̀, nígbà tí wọ́n bá kéré, nǹkan kan máa ń ta sí i bí òwú aláǹtakùn, ìyẹ̀fun wọn sì máa ń ní àwọ̀ ìpẹtà, àwọ̀ páànù tó ti dógùn-ún. Nínú ìdílé yẹn ni èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́ wà, Cortinarius rubellus, ẹsẹ̀ tiẹ̀ gbẹ kì í yọ̀, ṣùgbọ́n inú igbó kan náà ló ń gbé. Ní 2008, ní Scotland níbẹ̀, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àtàwọn ẹbí ẹ̀ jẹ ẹ́, wọ́n rò pé olú míì ni, kíndìnrín wọn bàjẹ́, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló wá fún un ní kíndìnrín kan ní 2011. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè má mọ nǹkan kan lára fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, nígbà míì ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àìsàn tó yọjú, kíndìnrín á ti lọ kẹ́ni tó mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kó dúró nìyẹn.

Ohun kejì tó kù ni pé kí Tọ́lá gba àwọ̀ ìyẹ̀fun olú náà sílẹ̀, kò le rárá. Kó wá èyí tó ti là, kó gé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò, kó gbé fìlà ẹ̀ dojú délẹ̀ sórí bébà, kí ìlàjì wà lórí bébà funfun, ìlàjì lórí bébà dúdú, kó da ife dé e, kó fi sílẹ̀ di àárọ̀. Tó bá ṣí i, ìyẹ̀fun á ti bọ́ sórí bébà ní ilà ilà. Tó bá dúdú tàbí búráùn tó ti fẹ́ dúdú tán, Gomphidius la ń wò. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ìpẹtà, kó dà á nù kó fọ ọwọ́, Cortinarius ni. Tó bá funfun, a ti ṣìnà, ká tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Orúkọ olú yìí fúnra ẹ̀ ti sọ ìwà ẹ̀ o. Glutinosus lédè Látìn, ohun tó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn bíi gọ́ọ̀mù ni, Gomphidius sì wá látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìṣó ńlá, torí tó bá kéré ó rí bí ìṣó tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀. Schaeffer ọmọ Jámánì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ní 1774, ó kó o mọ́ àwọn Agaricus, orúkọ tí wọ́n ń pe olú tó ní ewé lábẹ́ fìlà nígbà yẹn, Fries ọmọ Sweden ló wá gbé e sábẹ́ Gomphidius ní 1838. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé pẹ̀lú gbogbo ewé tó wà lábẹ́ fìlà ẹ̀ yẹn, àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ gangan ni olú tí abẹ́ fìlà wọn rí bíi fóòmù, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fojú lásán wò ó ò lè gbà.

Ẹ bèèrè bóyá irú ẹ̀ wà ní Èkó. Kò sí, torí spruce ò sí níbí, láìsí igi ẹ̀ kò lè hù. Ti ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú, bí ẹ ṣe ṣàlàyé pé ẹ̀bá ilé ikán ni wọ́n ti ń ká a, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn wọlẹ̀ lọ bíi gbòǹgbò, Termitomyces nìyẹn, ikán ló ń tọ́jú ẹ̀ nínú ilé wọn, gbòǹgbò yẹn sì lọ kan ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ nísàlẹ̀. Òun àti ti Tọ́lá ò pàdé níbì kankan. Níbi tiwa, èyí tó máa ń yọ̀ tẹ́ ẹ lè rí lórí igi tó ti kú, bóyá tẹ́ ẹ bá lọ rìn ní Lekki Conservation Centre lẹ́yìn òjò, ni Oudemansiella, funfun báláú, fìlà ni tiẹ̀ ń yọ̀ lára. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ní tòótọ́ kì í yọ̀ rárá, ojú koríko tí wọ́n gé rẹ́rẹ́ ló máa ń hù sí, pápá iléèwé, ọgbà ilé, ó tóbi, ó funfun, ó ní ìpẹ́ búráùn lórí, ó jọ ohun tó dáa gan-an. Chlorophyllum molybdites ni. Ìyẹ̀fun tiẹ̀ àwọ̀ ewé ló jẹ́, gríìnì, ẹ̀ẹ̀kan náà tẹ́ ẹ bá ti rí i lórí bébà ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, láàárín wákàtí díẹ̀ inú á máa run ún, á máa bì, á máa yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé.

Ká ní Tọ́lá tiẹ̀ ti tọ́ ọ wò kí iṣẹ́ yín tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kó má dúró de àìsàn o, kó pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera wọn lọ́hùn-ún, tí ara bá ti ń ni ín kó pe 999, ti pàjáwìrì, kó sì gbé èyí tó kù dání lọ hàn wọ́n. Níbí, 767 tàbí 112 ni. Kí ẹnikẹ́ni má fún un lépo pupa mu kí wọ́n wá jókòó máa wò ó, epo kì í pa oró olú.

Tó bá wá jẹ́ pé ìdí ẹ̀ yẹ́lò, tí bébà sì dúdú, kó mú un lọ fún ẹni tó mọ olú ládùúgbò ẹ̀ lọ́hùn-ún kó fojú kojú wò ó, mi ò lè torí fótò sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó jẹun. Tí wọ́n bá ní òun ni, awọ ikun orí fìlà yẹn máa ń bọ́ kúrò bíi nylon, wọ́n máa ń bọ́ ọ dànù, wọ́n á sì họ ti ẹsẹ̀ kúrò kí wọ́n tó sè é, bí àwa náà ṣe ń fi álọ́ọ̀mù fọ ìgbín. Adùn ẹ̀ ò tó ti ilé ikán yín o, ẹ jẹ́ kó mọ̀.

Ẹ ní kó padà síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kó mú ọ̀bẹ àti àpò bébà dání, kó má fi nylon kó o mọ́, olú tètè ń bàjẹ́ nínú nylon. Tí òjò ò bá rọ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, ikun yẹn lè ti gbẹ, á kàn máa dán ni, kó fi omi tọ́ ọ lára wò, á tún yọ̀, kó sì wò bóyá ewé abẹ́rẹ́ àti pàǹtírí lẹ̀ mọ́ ọn. Kó ya ìdí ẹsẹ̀ tó ti là sí méjì, kó ya bébà náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó ya ẹ̀ka igi tó wà lókè orí ẹ̀ kí n rí bí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ṣe so. Fótò mẹ́ta péré. Tó bá ti fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ tari ẹ̀ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, màá dúró dè é.